Ọ̀nà Òwú Tó Wà Lára Eyín

Adébímpé ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí a jọ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ọdún tí owó Udọ́jí, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, jáde ni. Owó pọ̀ ní Èkó nígbà náà, tàbí ká sọ pé ariwo owó pọ̀. Láti Òṣòdì títí wọ Ìsọlọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni èèyàn ń rí tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, sìmẹ́ńtì lórí èyí, irin lórí ìyẹn, eruku sì ń bo orí onílé àti àlejò. Ilé-iṣẹ́ òwú kan wà níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ní Ìsọlọ̀. Ọgbọ̀n obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń ká òwú níbẹ̀, Adébímpé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Ìkirè ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Adéyínká, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé, oṣooṣù ló sì ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Owó yẹn ni ìyá àti ọmọ náà ń jẹ. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ń wò.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀wà ni wọ́n sè ní káńtíìnì. Ebi ń pa Adébímpé. Ó bu síbí ẹ̀wà kan sẹ́nu, ó rún un, ó sì gbọ́ "kàù!" nínú orí ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ju nǹkan lu òrùlé. Nígbà tó tu oúnjẹ náà sọ́wọ́, òkúta funfun kan wà níbẹ̀, ó tó hóró àgbàdo. Eyín iwájú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, ó kán láti ìdí.

Títí, obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ gbà mí o! Géètì Bímpé ti ṣí! Ẹ pe Ọlọ́runyọmí kó wá máa ṣọ́ ọ!"

Ọlọ́runyọmí ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fi ìgbákọ rẹ̀ gbá ìkòkò.

"Ẹ̀wà tèmi ò ní òkúta o! Ẹnu rẹ̀ ló fi gbé e wá látilé!"

"Kí ló ní kó máa jẹun bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?" ni òmíràn sọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Fàósátù. Ó dìde, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó da iyọ̀ sí i, ó sì di orí Adébímpé mú títí ó fi fọ ẹnu rẹ̀. Ó gba eyín àti òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì wọ́n sí etí ìró Adébímpé fún un. "Má jù wọ́n nù," ló sọ. "A ò mọ ohun tí wọ́n á béèrè."

Fàósátù ló mú Adébímpé wọ iṣẹ́ náà. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀, orí ẹní Fàósátù ni Adébímpé ń sùn sí láti ọjọ́ tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Fàósátù ti lé lógójì ọdún, kò bímọ, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí ẹ̀rọ òwú.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ ohun tí eyín yẹn jẹ́. Òwú á máa ti ara ìdì ńlá bọ̀, á máa ká ara rẹ̀ mọ́ bọ́bììnì kéékèèké lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ni láti máa ṣọ́ ọ. Bí òwú bá já, á mú etí rẹ̀ méjèèjì, á so wọ́n pọ̀, á sì gé ìrù kékeré tó bá yọ lára kókó náà, torí bí ìrù yẹn bá wọ inú aṣọ, aṣọ náà bàjẹ́. Àlùmọ́gàjí mẹ́fà péré ni ilé-iṣẹ́ rà fún ọgbọ̀n obìnrin. Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ àwọn òpó. Kí èèyàn tó rìn dé ìdí òpó, kó tó padà, òwú mẹ́ta míì á ti já. Ọgọ́ta bọ́bììnì sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ká lóòjọ́. Nítorí náà, eyín ni gbogbo wọn fi ń gé e.

Ní ọjọ́ kìíní tí Adébímpé dé ibẹ̀, ó béèrè ibi tí sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ wà. Fàósátù fi ìka kan eyín iwájú rẹ̀.

"Òun rèé. Ọlọ́run ti kàn án mọ́ ẹ lẹ́nu, olè ò lè jí i."

Bí ọdún kan bá ti kọjá, òwú á ti la ọ̀nà tóóró kan sí etí eyín yẹn, bí ìgbà tí èèyàn fi fáìlì yún un. Ọ̀nà òwú ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Wọ́n ń fi yangàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá jìn jù ni àgbà wọn, ti Fàósátù sì jìn débi pé bó bá ń rẹ́rìn-ín, o lè rí ahọ́n rẹ̀ níbẹ̀.

Pátákó kan wà lára ògiri yàrá náà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nǹkan sí. Kò sí ẹni tó kà á fún wọn rí. Ìṣó tí wọ́n fi kan pátákó náà ni wọ́n ń fi gèlè kọ́ láàárọ̀. Lẹ́yìn yàrá náà, àwọn àpótí onípákó ńláńlá méje ti wà nílẹ̀ láti oṣù méjì, tí ọkọ̀ kan já sílẹ̀ láti èbúté. Wọ́n ń jókòó lé wọn lórí bí wọ́n bá fẹ́ sinmi.

Nígbà tí eyín Adébímpé kán, ó rò pé òun á máa fi ti ẹ̀gbẹ́ gé òwú. Kò rí i ṣe. Ó ní láti yí ọrùn, òwú á sì ya ètè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára òwú funfun, súpáfáísọ̀ sì ń da àwọn bọ́bììnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé wọn ò kà á. Kò ká ju mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ lóòjọ́ mọ́. Fàósátù ń pa ẹnu àti ọwọ́ pọ̀, ó ń ká mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó sì ń yọ mẹ́fà nínú tirẹ̀ sínú àpẹ̀rẹ̀ Adébímpé lójoojúmọ́. Bó bá kó wọn síbẹ̀, á ní, "Mẹ́fà tòní rèé," á sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mẹ́fà náà kò tó. Ẹni tí iye rẹ̀ kò bá pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lílé ni wọ́n ń lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ.

"Àǹtí, mo fẹ́ lọ rí ọ̀gá," ni Adébímpé wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ro èlùbọ́. "Kọ́ńpìnnì sanwó fún Àyànníyì lọ́dún tó kọjá."

Àyànníyì ni ọkùnrin tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ ní yàrá ìhunṣọ.

"Ìka ni ti Àyànníyì," ni Fàósátù fèsì.

"Eyín ni tèmi. Oúnjẹ wọn ló kán an. Kí wọ́n sáà bá mi fi òmíràn sí i, kí n lè padà sí ọgọ́ta mi. N kò béèrè ju ìyẹn lọ."

Fàósátù ro èlùbọ́ náà títí ó fi dán.

"Lọ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni kó o sọ. Ẹ̀wà wọn ló ní òkúta. Bó o bá ti sọ ìyẹn, pa ẹnu rẹ dé."

"Mo gbọ́ yín, Àǹtí."

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ni kó tó wá síbẹ̀, ó sì ń bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé kíláàsì. Nígbà tí Adébímpé wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti jẹun tán, ó ń tayín. Akọ̀wé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lájí, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní igun yàrá.

Adébímpé kúnlẹ̀.

"Gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu," ni Fákúnlé wí. Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Háà! Bọ́lájí, wo nǹkan. Obìnrin, ọkùnrin wo ló fọ́ ẹ lẹ́nu?"

"Òkúta inú ẹ̀wà káńtíìnì ni, sà. Òun rèé. Eyín náà rèé."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó wọn lé orí tábìlì. Fákúnlé kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fi ìdérí bírò yí eyín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tìrẹ ni? Gbé e padà sẹ́nu, ká wò ó bóyá ó bá a mu."

Adébímpé mú eyín rẹ̀ tó ti gbẹ, ó fi sí ibi tó ti kán. Ó dúró díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ tábìlì, òun náà sì rákò tẹ̀ lé e. Fákúnlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bọ́lájí tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ó dáa, tìrẹ ni. Kí lo wá fẹ́?"

"Kí kọ́ńpìnnì bá mi fi òmíràn sí i ni, sà. Wọ́n ní wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù."

"Kó o lè máa rẹ́rìn-ín sí àwọn dírẹ́bà?"

"Rárá, sà. Ẹ ṣáà sanwó fún Àyànníyì."

"Wò ó, ìka ló gé. Ìka ni ọkùnrin yẹn fi ń ṣiṣẹ́ fún wa, òfin sì ní ká sanwó irinṣẹ́ ara rẹ̀. Ìwọ, ṣé ẹnu lo fi ń ṣiṣẹ́ fún wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Adébímpé dáhùn. "Ẹnu ni."

Igi tí Fákúnlé fi ń tayín dúró.

Adébímpé sọ fún mi pé òun rí i bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà, inú òun sì dùn, torí òun rò pé àánú ni. Ó ní kó dìde nílẹ̀. Ó fa àga fún un. Ó rán Bọ́lájí lọ ra Fáńtà tútù kan wá, ó sì dúró kó mu ún dé ìdajì.

"Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, arábìnrin mi. Má yára. Bọ́lájí, mú ìwé."

Kò tíì pè é ní arábìnrin rí. Adébímpé rò ó pé bí òun bá ti lè fi hàn án tó pé irinṣẹ́ ni eyín, bẹ́ẹ̀ ni eyín tuntun òun á ṣe yá tó. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ó sọ bí òwú ṣe ń já. Ó fi ìka hàn án bí wọ́n ṣe ń so ó, bí wọ́n ṣe ń gbé e sẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń gé ìrù rẹ̀.

"Ìwọ nìkan lò ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èmi nìkan ni, sà! Gbogbo wa ni. Kò sí ẹni tí kò ní ọ̀nà òwú níbẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ ọ̀nà òwú?"

Ó ṣàlàyé ìyẹn náà. Fákúnlé ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Àǹtí Fàósátù ni, sà. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o."

Nítorí kí wọ́n lè yin Fàósátù ló ṣe dárúkọ rẹ̀. Ó búra fún mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Bọ́lájí kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Wọ́n kà á sí i létí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun wí. Wọ́n mú táǹpáàdì wá, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀.

"Ṣé ẹ máa bá mi ṣe eyín náà, sà?"

"Gbogbo yín ni mo máa yẹ eyín yín wò," ni Fákúnlé wí. "Lọ́jọ́ Ajé. Sọ fún wọn."

Nígbà tó délé, tó jíṣẹ́ náà, Fàósátù gbé ẹja tó ń fọ̀ sílẹ̀.

"Gbogbo wa kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lo sọ ṣá?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Àǹtí."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú, gbogbo àwọn obìnrin náà ti gbọ́. Títí wá kí Adébímpé nílé, ó bá a fọ abọ́.

"Bímpé, dákun má bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ géètì. Àṣé orí ire ló gbé òkúta yẹn sí ẹ lẹ́nu! Àwọn olówó oṣù ìjọba ti jẹ Udọ́jí tiwọn. Tiwa ti dé ẹnu wa yìí."

Ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Wọ́n rò pé bí kọ́ńpìnnì bá fẹ́ sanwó eyín tó kán, ó máa sanwó eyín tó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ náà. Ẹni tí ọ̀nà òwú rẹ̀ bá jìn jù ló máa gba èyí tó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wọn ti run orín dáadáa, ẹnu wọn mọ́. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, wọ́n pa ẹ̀rọ. Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ yàrá náà rí lójú iṣẹ́. Fákúnlé wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, Bọ́lájí gbé tábìlì kékeré àti ìwé tẹ̀ lé e, àwọn mọ́gàádì méjì sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

Adébímpé ló kọ́kọ́ pè. Ó tan iná sí i lẹ́nu, ó wo ihò náà.

"Kò sí nǹkan níbí. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lájí."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn yòókù wò. Bí àwọn tó ń ra àgbò iléyá ṣe máa ń ṣe ló ṣe: ó fi ìka méjì di àgbọ̀n mú, ó gbé ètè sókè, ó wò ó, ó sì pe orúkọ fún Bọ́lájí. Kò sí ẹni tó bínú. Ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn.

"Èmi ni kẹ́ ẹ wò, sà. Temi jìn."

"Irọ́ ló ń pa, sà! Ọdún méjì péré ló ṣe. Ẹ wá wo eyín!"

"Sà, ẹ sún iná yẹn mọ́ ọn," ni Títí wí nígbà tó kàn án, ó sì la ẹnu bí ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ dé. "Ẹ ti rí i? Ẹ kọ ọ́ pé ó jìn gan-an ni."

"Mo ti rí i," ni Fákúnlé dáhùn. "Bọ́lájí, kọ ọ́ pé ó jìn gan-an ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Adébímpé náà ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ bo ẹnu. Fàósátù ló dúró sẹ́yìn pátápátá. Ó ti jẹ́ kí gbogbo àwọn ọmọdé ṣáájú òun.

Bọ́lájí kò gbé orí sókè. Ó ń kọ̀wé lọ, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá Adébímpé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, àwọn tí mò ń kọ orúkọ wọn yìí, wọn ò ní wọlé lọ́la o. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ló wà nínú àpótí yẹn. Wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi lé yín láìsan kọ́bọ̀ kan nínú owó ìdádúró yín. Ẹni tí kò bá la ẹnu, wọn ò rí nǹkan kọ sí i."

Adébímpé gbé ojú kúrò lára ìwé náà. Ó wo ìlà náà. Ó ku ènìyàn mẹ́rin kó kan Fàósátù. Bó bá kígbe, kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ó wo àwọn mọ́gàádì. Ó rántí pé ọ̀sẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó rí Adéyínká lójú inú, níbi tó ti máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá ìyá rẹ̀ bí ọkọ̀ Ìbàdàn bá ti fun fèrè. Fákúnlé ti sọ pé kò sí nǹkan lẹ́nu òun. Orúkọ òun kò sí nínú ìwé náà.

Ó ku mẹ́ta. Ó ku méjì.

Ojú Fàósátù àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin, Fàósátù sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tó ń sọ pé, o ti ṣe dáadáa.

Adébímpé la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ìwọ ni Fàósátù," ni Fákúnlé wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Olùkọ́ wọn. La ẹnu."

Fàósátù gbé àgbọ̀n sókè, ó sì la ẹnu gbàgbà.

Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, Fákúnlé nu ìka rẹ̀ sí áńkáṣíìfù. Ó lọ sídìí pátákó ara ògiri, ó fa àwọn gèlè tó bò ó bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì náà sókè. Lẹ́yìn náà ló wá tú u sí Yorùbá, pẹ̀lú ohùn olùkọ́:

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi eyín gé òwú. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì ní gba owó ìdádúró. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ilé yìí ni pátákó yìí ti wà níbí. Gbogbo yín lẹ fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́ fún mi. Ẹ lọ gba owó ọjọ́ tí ẹ ṣe, kí ẹ sì máa lọ."

Wọn kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó tún un wí. Ìgbà náà ni igbe ta. Ẹnìkan jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì nínà. Títí sáré wá dojú bolẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wò ó! Kò jìn! Irọ́ ni mo pa, eré ni mò ń ṣe! Ẹ wò ó, sà, ojú lásán ni!"

"O ní ká kọ ọ́ pé ó jìn gan-an ni," ni Fákúnlé dá a lóhùn. "A ti kọ ọ́."

Fàósátù kò ké. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Bọ́lájí, kà á fún un."

Bọ́lájí ka ìwé náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ Adébímpé ló wà níbẹ̀, títí dé *Àǹtí Fàósátù ni, sà. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.* Nígbà tó parí, Fákúnlé gbé e sókè kí wọ́n lè rí àmì àtàǹpàkò.

Gbogbo ojú yí sí Adébímpé. Ọ̀kan tu itọ́ sí i lára. Òmíràn fẹ́ fò mọ́ ọn, mọ́gàádì dá a dúró. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó wá sí Adébímpé lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé títí òun á fi kú, kò ní yé ti òun lójú. Ó yíjú sí Fákúnlé.

"Sà, eyín mi ńkọ́?"

Fákúnlé wò ó bí ẹni tó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó nawọ́ sí àwọn àpótí tó wà lẹ́yìn yàrá.

"Eyín kẹ̀? Àwọn ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yẹn ní eyín tiwọn, wọ́n ń gé òwú fúnra wọn. Ìwọ lo máa ṣọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kó o máa dúpẹ́." Ó rìn lọ dé tábìlì Bọ́lájí, ó kó ìwé náà, ó sì jáde.

Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa gèlè wọn nílẹ̀, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà lọ ní méjì-méjì. Wọ́n ń ṣépè. Fàósátù kò ṣépè. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó nu orí rẹ̀ pẹ̀lú àkísà bó ti máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ba, ó kó bọ́bììnì mẹ́fà láti inú àpẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó gbé wọn lọ síbi àpẹ̀rẹ̀ Adébímpé, ó tò wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ojú òwú wọn sí ibì kan náà.

"Mẹ́fà tòní rèé," ló sọ.

"Àǹtí," ni Adébímpé wí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo ojú mi."

Fàósátù mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó wé e. Ó gba àárín ẹ̀rọ kọjá, ó gba iwájú pátákó kọjá, ó jáde sínú oòrùn. Ọlọ́runyọmí ṣí géètì fún un. Kò bojú wẹ̀yìn.